Fọ́ọ̀mù Ìdáǹdè Wa Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìwé Àwọn Oníṣègùn Ọpọlọ: Àyẹ̀wò Kan

Ọ̀pọ̀ ìjọ wa ni ó ní fọ́ọ̀mù kan tí a máa ń fún ẹni tí ó bá wá gba ìdáǹdè. Àwọn kan ṣe é ní ojú ewé méjì, àwọn mìíràn ní mẹ́jọ. Ó ń béèrè bóyá ẹni náà máa ń jẹun lójú àlá, bóyá ó máa ń rí ara rẹ̀ nínú aṣọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lójú oorun, bóyá bàbá tàbí ìyá rẹ̀ àgbà bọ òrìṣà, bóyá ó máa ń bínú fùfù, bóyá ó ń gbọ́ ohùn. Lẹ́yìn èyí ni òṣìṣẹ́ ìdáǹdè yóò ka iye ibi tí ó ti dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni", tí yóò sì kọ orúkọ ẹ̀mí tí ó ń yọ ọ́ lẹ́nu sí ìsàlẹ̀. Ọdún púpọ̀ ni a ti ń lo fọ́ọ̀mù yìí láìyẹ̀ ẹ́ wò. A fẹ́ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ìwé tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ fi ń pín àrùn sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́, kí a sì fi òṣùwọ̀n kan náà wọn àwọn méjèèjì.

Ẹlòmíràn lè sọ pé kò yẹ kí a fi nǹkan ti ẹ̀mí wé nǹkan ti ara. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni fọ́ọ̀mù wa ń ṣe: ó ń kó àmì jọ, ó sì ń fún wọn ní orúkọ. Ènìyàn ni ó kọ ọ́. Èyí tí ó wà lọ́wọ́ wa ni a ti ṣe ẹ̀dà láti ara ẹ̀dà títí orúkọ ìjọ tí ó kọ́kọ́ ṣe é fi pa rẹ́ lókè ìwé, nítorí náà a kò mọ ẹni tí a lè bi léèrè ìdí tí ìbéèrè kejìdínlógún fi wà níbẹ̀.

Ìwé méjì ni àwọn oníṣègùn ọpọlọ ń lò jùlọ. Èkínní ni DSM, tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní 1952, tí ẹ̀dà karùn-ún rẹ̀ sì jáde ní 2013. Èkejì ni ICD ti Àjọ Ìlera Àgbáyé, tí ẹ̀dà kọkànlá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2022. Ìtìjú ti bá iṣẹ́ yìí rí. Nígbà tí àwọn olùwádìí bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn aláìsàn New York wé ti London ní àwọn ọdún 1960, wọ́n rí i pé orúkọ schizophrenia ni àwọn dókítà New York ń fún ọ̀pọ̀ ènìyàn tí àwọn dókítà London ìbá pe àìsàn wọn ní nǹkan mìíràn. Bí ènìyàn bá ti wọ ọkọ̀ òfuurufú, orúkọ àìsàn rẹ̀ lè yí padà. Ohun tí wọ́n ṣe sí i nínú ẹ̀dà kẹta DSM, ní 1980, ni pé wọ́n kọ àmì àrùn kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, iye àmì tí ó gbọ́dọ̀ pé, àti bí ó ti gbọ́dọ̀ pẹ́ tó. Fún ìsoríkọ́ tí ó le, DSM-5 ń béèrè àmì márùn-ún nínú mẹ́sàn-án fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán, ọ̀kan nínú wọn sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ìbànújẹ́ ọkàn tàbí kí nǹkan má wu ènìyàn mọ́. Kí dókítà tó fi orúkọ lé e, ó gbọ́dọ̀ wádìí bóyá oògùn, ọtí tàbí àìsàn ara ni ó fà á. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí ẹni tí ibà gùn lórí rí mọ ìdí.

A kò sọ pé ìwé yìí pé. Nígbà tí wọ́n dán DSM-5 wò kí ó tó jáde, tí àwọn dókítà yẹ aláìsàn kan náà wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, òṣùwọ̀n ìfohùnṣọ̀kan wọn lórí ìsoríkọ́ tí ó le jẹ́ 0.28. Lórí òṣùwọ̀n náà, 1 ni ìfohùnṣọ̀kan pátápátá, 0 sì ni ohun tí èèṣì lásán lè mú wá. Akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ó bá gba irú máàkì bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ Hébérù yóò tún ìdánwò náà ṣe. Àwọn ìwé méjèèjì pàápàá kò bá ara wọn mu: DSM-5 fẹ́ kí schizophrenia ti wà lára fún oṣù mẹ́fà, ICD-11 ní oṣù kan tó.

Èyí tí ó kàn wá jù ni pé láti 1980, ọ̀pọ̀ jùlọ orúkọ inú DSM kì í sọ ohun tí ó fa àrùn. Bí àrùn ti rí ni wọ́n ń sọ. Nítorí náà, olùṣọ́-àgùntàn tí ó dúró lórí pẹpẹ tí ó ń bá ìwé náà jà pé ó sẹ́ ẹ̀mí àìmọ́ ń bá ẹni tí kò tíì sọ̀rọ̀ jà. Dókítà náà sì wà tí ó ń sọ fún òbí pé schizophrenia ni ó jẹ́ kí ọmọ wọn máa gbọ́ ohùn. Nítorí pé ó ń gbọ́ ohùn ni wọ́n ṣe pè é bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà yí po, ó padà síbi tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, wọ́n dán ìwé wọn wò, wọ́n sì tẹ máàkì tí kò dára jáde kí gbogbo ayé lè kà á. Ta ni nínú wa tí ó ti mú ẹni kan náà lọ bá òṣìṣẹ́ ìdáǹdè méjì ní yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ rí, láti mọ̀ bóyá orúkọ ẹ̀mí kan náà ni wọn yóò kọ?

A kún fọ́ọ̀mù náà fúnra wa ní ọjọ́ kan, tòótọ́tòótọ́. Ẹ̀mí mẹ́rin ni ó jáde. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ti omi, bẹ́ẹ̀ ìlú orí òkè ni wọ́n bí wa sí. Kò sí ìdáhùn tí ènìyàn lè fún fọ́ọ̀mù náà tí yóò mú kí ó sọ pé kò sí ohun tí ó ń ṣe é. Bí o bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀mí ni. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́ bá pọ̀ jù, ìlà kan wà nísàlẹ̀ fún ẹ̀mí tí ó ń fara pamọ́. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ìdílé wo ni a ó sì wá dé tí a kò ní bá ẹni tí ó bọ òrìṣà rí? Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kò sí ibì kankan tí ó ti béèrè pé: láti ìgbà wo?

Èyí ni ó dùn wá jù, nítorí ohun tí a ṣe. Nígbà tí a ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ ní àgọ́ àdúrà kan, wọ́n gbé obìnrin kan wá tí ó ti bímọ ní ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ṣáájú. Kò sùn. Ó ń sọ pé wọ́n ti pààrọ̀ ọmọ òun. A fún un ní fọ́ọ̀mù, a sì bá a kún un nítorí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo rẹ̀. A kọ orúkọ ẹ̀mí sílẹ̀, a fún un ní ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta pẹ̀lú ìṣọ́-òru. Ìyá ọkọ rẹ̀, àgbàlagbà tí kò kàwé, sọ fún wa pé, "Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́, abísínwín ni èyí. Ẹ jẹ́ kó sùn." A bá a wí. A ní kí ó má fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ ibi. Ní òru kejì, obìnrin náà gbé ọmọ rẹ̀ sá jáde kúrò ní àgọ́. Ẹ̀bá títì márosẹ̀ ni wọ́n ti rí i. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ni ó gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn. Ara rẹ̀ yá, ọmọ náà sì yè. Kò sí ọwọ́ wa nínú méjèèjì.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ tí ìyá náà lò. Abísínwín: ẹni tí ó bí, tí ó sì sínwín. Àkókò wà nínú orúkọ náà. DSM-5 ń ka ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn ìbímọ, ICD-11 ń ka bíi mẹ́fà. Fọ́ọ̀mù wa kò béèrè bóyá obìnrin náà bímọ rárá. Àwọn baba wa ya aṣínwín sọ́tọ̀ kúrò lára dìndìnrìn, wọ́n sì mọ wèrè aláṣọ, ẹni tí kò tíì já sí ìgboro. Àwa tí a ní a ti kúrò nínú òkùnkùn wọn ni a wá sọ gbogbo rẹ̀ di ẹyọ kan.

Ìwé Mímọ́ kò ti èyí lẹ́yìn. Nínú Mátíù 4:24, àwọn tí ẹ̀mí èṣù wà lára wọn, àwọn oníwárápá àti àwọn arọ jọ wà nínú ẹsẹ kan, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a dárúkọ wọn. Lóòótọ́, ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan náà tí a tú sí wárápá níbẹ̀ ni ó tún wà ní orí 17 fún ọmọkùnrin tí Olúwa lé ẹ̀mí jáde lára rẹ̀. A kò gbọ́dọ̀ máa wàásù láti inú ẹsẹ tí ó rọ̀ wá lọ́rùn nìkan. Ṣùgbọ́n ẹ ka ìtàn ọmọkùnrin yìí kan náà nínú Máàkù 9:21. Kí Olúwa tó bá ẹ̀mí náà wí, Ó béèrè lọ́wọ́ baba bí ó ti pẹ́ tó tí èyí ti ń ṣe ọmọ rẹ̀. Ẹni tí ó mọ ohun gbogbo ni ó béèrè ohun tí fọ́ọ̀mù wa fò dá. Élì náà ṣọ́ ẹnu Hánà nínú 1 Sámúẹ́lì 1: ètè ń mì, ohùn kò jáde, ó sì dá ẹjọ́ ọtí. Ohun tí ó rí tọ́, ìtumọ̀ rẹ̀ ni kò tọ́. Nígbà tí obìnrin náà fèsì, ó gbọ́, ó sì yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà lójú ẹsẹ̀. Àlùfáà mélòó ni ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ lónìí níwájú ìjọ?

Ibì kan wà tí ìwé àwọn oníṣègùn ti nílò wa. ICD-11 ní ọ̀wọ́ kan fún ẹni tí ó ń ṣe bí ẹni pé ẹ̀mí mìíràn ti gba ipò rẹ̀, ṣùgbọ́n kò kà á sí àrùn bí ó bá jẹ́ ara àṣà tàbí ìsìn tí àwọn ènìyàn ẹni náà tẹ́wọ́ gbà. Dókítà tí kò wọ ìjọ wa rí kò lè mọ̀ bóyá arábìnrin tí ó ń fi èdè àjèjì gbàdúrà ń ṣe ohun tí gbogbo wa ń ṣe, tàbí ó ti kọjá bẹ́ẹ̀. Àwa ni ẹlẹ́rìí. Ihò wà níbẹ̀ ṣá o: bí ìjọ bá jẹ́ òṣùwọ̀n, kí ni a ó ṣe nígbà tí ìjọ fúnra rẹ̀ bá ti sọ àìsùn ọjọ́ mẹ́wàá di àmì ìmísí? Bí ó bá sì jẹ́ olùṣọ́-àgùntàn ni ara rẹ̀ kò yá, ta ni yóò jẹ́rìí?

Ní 2019, àjọ Human Rights Watch kọ ìròyìn lórí àwọn tí wọ́n so mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ṣẹ́ẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ní Nàìjíríà nítorí àìsàn ọpọlọ, ilé ìjọsìn Kristẹni sì wà lára ibi tí wọ́n bá wọn. Òfin Ìlera Ọpọlọ tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2023 ti rọ́pò òfin àtijọ́ tí a jogún lọ́wọ́ ìjọba amúnisìn. Fọ́ọ̀mù wa kò tíì yí padà.

Ní ìjọ tí a ń ṣe àkóso, ojú ewé kan ni tuntun tí a ń lò. Láti ìgbà wo ni ìbéèrè àkọ́kọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni oorun, oúnjẹ, ibà, ìbímọ, oògùn ilé-ìwòsàn àti bóyá ẹnikẹ́ni ti ní kí ó dá a dúró, àti bóyá ó ń ronú láti kú. Àyè orúkọ ẹ̀mí ṣì wà nísàlẹ̀. A kò yọ ọ́, nítorí a gbà pé ẹ̀mí àìmọ́ wà. Òṣìṣẹ́ méjì tí kò tíì bá ara wọn sọ̀rọ̀ ni yóò kọ ọ́, lẹ́yìn tí dókítà bá ti rí ẹni náà. Títí di ìsinsìnyí, àwọn méjèèjì kò tíì kọ orúkọ kan náà rí.