Ibi Tí Ìrora Parí Sí Kọ́ Ni Ìwòsàn Parí Sí

Nígbà tí àwọn èèyàn bá ń pàtẹ́wọ́ fún oníjàkadì tó gbé ẹnìkejì rẹ̀ ṣánlẹ̀, ẹni tó wà nílẹ̀ ni èmi máa ń wò. Mo máa ń wo ọwọ́ tó fi tẹlẹ̀, mo máa ń wo ẹsẹ̀ tó kọ́kọ́ fi dìde. Físíò ni mí, ọmọ Bẹyẹrúnká n'Ìbàdàn. Yunifásítì Ìbàdàn ni mo ti kọ́ṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni níṣẹ́ yìí láti 1966. Nínú gbogbo àwọn tí mò ń tọ́jú, àwọn oníjàkadì àti àwọn ọmọ judo ló wù mí jù, torí ibi tó ń dun ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn máa ń sọ irú ìjà tó ti jà.

Nínú ìjàkadì freestyle, èèyàn lè di ẹsẹ̀ ẹni mú kó sì fà á, nítorí náà orúnkún ló ń rí màbo jù. Nínú Greco-Roman, ọwọ́ kò gbọdọ̀ kan ẹsẹ̀ rárá, òkè ara ni gbogbo agbára ń lọ. Èjìká, eegun ìhà àti ọrùn ni mo máa ń kọ́kọ́ tẹ̀ wò. Ọmọ judo ń di aṣọ ẹnìkejì rẹ̀ mú pinpin, oríkèé ìka ọwọ́ rẹ̀ á wú. Orí iyanrìn àti ilẹ̀ rírọ̀ ni àwọn baba wa ti ń ja gídígbò. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ń fi máàtì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé orí sìmẹ́ńtì, sìmẹ́ńtì kì í sì í gba ẹni tó ṣubú lé e.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ èjìká. Kò sí oríkèé mìíràn lára wa tó ń yí káàkiri tó o, ìdí nìyẹn tó fi rọrùn fún un láti yẹ̀. Orí eegun apá tóbi, ihò tó jókòó sí kò sì jìn. Bí apá bá wà lókè tí wọ́n sì fà á sẹ́yìn pẹ̀lú agbára, orí eegun á yọ síwájú. Láti Bẹẹrẹ dé Ọjà'ba, ọ̀dọ̀ àwọn àgbà tó ń to eegun ni ọ̀pọ̀ ìdílé máa ń kọ́kọ́ sá lọ. Mo bọ̀wọ̀ fún ọwọ́ wọn, torí inú agbo ilé kan náà ni wọ́n ti tọ́ wa. Ohun méjì péré ni mo máa ń bẹ̀ wọ́n. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya fọ́tò eegun, nítorí èyí tó yẹ̀ lè ti ṣẹ́ pẹ̀lú. Ẹ má sì fi ọparun dì í le jù. Bí ìka bá ń tutù, tó ń kú tipiri, tí ìrora ń le sí i lẹ́yìn tí ẹ dì í tán, ẹ̀jẹ̀ ò dé ibẹ̀ mọ́ nìyẹn. Ẹ tú u lójú ẹsẹ̀ kí ẹ sì gbé e lọ sí ọsibítù. Wọ́n ti gé apá àwọn ọmọ tí eegun wọn ìbá ti jinná.

Ọjọ́ tí eegun bá padà sáyè rẹ̀ ni iṣẹ́ tèmi ń bẹ̀rẹ̀. Ìrora á lọ. Ìyá ọmọ á wá kí mi: “Ẹ ṣeun o, Dókítà. Ó ti ń fi apá yẹn pọnmi.” Mo máa ń bá wọn yọ̀, àmọ́ ẹni tó fẹ́ gbé ọkùnrin ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ kúrò nílẹ̀ ní láti ní ju agbára apọnmi lọ. Èjìká tó bá yẹ̀ kí ọmọ tó pé ogún ọdún sábà máa ń tún yẹ̀, àyàfi tí iṣan tó yí i ká bá lágbára dáadáa. A ó bẹ̀rẹ̀ láti orí títi ògiri láìmira, a ó bọ́ sí orí fífa rọ́bà, lẹ́yìn náà ni a ó tó fi apá méjèèjì ti ara wa kúrò nílẹ̀.

Orúnkún tún ń béèrè sùúrù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Okùn iṣan kan wà nínú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí eegun ojúgun sún síwájú. Bó bá já, tí wọ́n sì fi iṣẹ́ abẹ rọ́pò rẹ̀, ó kéré tán oṣù 9 ni kí oníjàkadì tó padà sójú ìjà. Láàárín àkókò yẹn, itan á ti rù. Mo máa ń fi téèpù wọn itan méjèèjì, màá ní kí ó fi ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan fò, màá sì wọn bó ṣe fò jìnnà tó. Bí ẹsẹ̀ tó ṣèṣe kò bá tíì tó ìdá 90 nínú 100 ti èkejì rẹ̀, iṣẹ́ ṣì kù.

Òkè Màpó ni ẹ̀rọ ìdárayá mi. Láti 1929 ni Gbọ̀ngàn Màpó ti wà lókè yẹn, àtẹ̀gùn rẹ̀ gbòòrò, ọ̀nà tó sì gbé wa wá láti Ọjà'ba ń gòkè gan-an. Gígùn ń fún itan lágbára, sísọ̀ ló ń dán orúnkún wò. Ìsàlẹ̀ ni mo máa ń dúró sí láàárọ̀ kùtù, tí màá máa wò bóyá orúnkún ń ya sínú. Ọjọ́ tí ọmọ bá sọ̀ kalẹ̀ láìgbọ̀n, láìtiro, ayọ̀ mi kì í kéré.

Síbẹ̀, iṣan lè padà kí ọkàn má tíì padà. Ẹni tí ẹ̀rù ìṣubú bá ń bà máa ń le gbagidi, ara tó sì le gbagidi ló ń tètè ṣèṣe. Nítorí náà, mo máa ń kọ́ wọn ní ìṣubú láti ìbẹ̀rẹ̀: kí wọ́n fi àgbọ̀n mọ́ àyà, kí wọ́n fi gbogbo apá gbá máàtì, láti orí ìkúnlẹ̀, lẹ́yìn náà láti ìlóṣòó, kí wọ́n tó wá dúró kí ẹlòmíì gbé wọn sọ.

Ọmọbìnrin kan tó ń kánjú bi mí pé: “Ẹ̀gbọ́n, ìgbà wo ni mo máa tó jà bí Ọdúnayọ̀?” Ọdúnayọ̀ Adékúoròyè ló ń wí, tó gba wúrà ìjàkadì nínú ìdíje Commonwealth ní 2014, ní 2018 àti ní 2022. Mo ní kó ka àwọn ọdún yẹn dáadáa. Ọdún mẹ́jọ ló wà láàárín wúrà àkọ́kọ́ àti ìkẹta. Ara tí èèyàn bá ń tọ́jú ló ń pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lórí máàtì.

Àwọn àgbà ní ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ̀yin kóòṣì, ẹ̀yin òbí, ẹ má bi ọmọ bóyá ó ṣì ń dùn ún, nítorí ẹni tó fẹ́ jà á ní rárá. Ẹ bi í kí ni apá rẹ̀ lè gbé, báwo ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ń balẹ̀, ṣé ó lè ṣubú láìbẹ̀rù. Àwọn oṣù tí ẹ ń pè ní ìfàsẹ́yìn yẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ yìí, torí inú wọn ni ẹni tó ṣèṣe ti ń padà di oníjàkadì.