Obìnrin Onímọ̀ Sáyẹ́ǹsì Nínú Ìtàn Àròsọ: Ohun Tí Òǹkàwé Ń Wá Tí Kò Rí

Ìfáárà

Ẹni tó bá fẹ́ràn ìwé kì í kàwé nítorí ìdánwò nìkan. Ó ń kà á nítorí pé ó fẹ́ mọ bí ayé ẹlòmíràn ti rí, ó sì tún ń wá ara rẹ̀ nínú ayé náà. Bí ọmọkùnrin bá ń ka ìwé Fágúnwà, kò ní í pẹ́ tí yóò fi di Àkàrà-ògùn. Yóò gbé ìbọn kọ́ èjìká, yóò sì wọ igbó lọ. Ìbéèrè tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ gbé kalẹ̀ ni pé: ta ni ọmọbìnrin tó fẹ́ràn ìwé, tó sì tún fẹ́ràn ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, yóò dà nínú àwọn ìwé tí a ń fún un kà?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré fún àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́ ní agbègbè Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ láti Ìkàrẹ́ lọ sí Ọ̀kà yóò gba Àkùngbá kọjá, níbi tí Yunifásítì Adékúnlé Ajáṣin wà. Àwọn ọmọbìnrin wa mọ ọ̀nà náà dáadáa. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló mọ ìṣirò, tí wọ́n sì mọ kẹ́mísírì, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti wọ kíláàsì sáyẹ́ǹsì báyìí, ìwé ìtàn Yorùbá a bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọn a ní kò kan àwọn mọ́. Èrò wa ni pé ẹ̀bi náà kì í ṣe ti àwọn ọmọ nìkan. Ìwé fúnra rẹ̀ kò pè wọ́n.

A ó kọ́kọ́ wo ipò tí ìmọ̀ obìnrin wà nínú díẹ̀ lára àwọn ìwé Yorùbá tí gbogbo wa mọ̀. Lẹ́yìn náà, a ó fi wọ́n wé ìwé ìtàn méjì tí àwọn obìnrin tí orírun wọn jẹ́ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ. Ní ìparí, a ó wo ohun tí ó kù fún àwa olùkọ́ láti ṣe.

Ìmọ̀ àti Obìnrin Nínú Àwọn Ìwé Wa

Ọlọ́gbọ́n kò wọ́n nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ (1938). Ìmọ̀dóyè wà lára àwọn tó bá Àkàrà-ògùn lọ sí Òkè Láńgbòdó. Orúkọ rẹ̀ gan-an ti sọ iṣẹ́ rẹ̀ fún wa. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀hún, Ìrágbèje onílé olójúlé méje ló jókòó tì wọ́n, tó ń kọ́ wọn lọ́gbọ́n. Ọkùnrin ni gbogbo wọn. Obìnrin tó ní agbára ìmọ̀ tí a kọ́kọ́ pàdé nínú ìwé náà ni ìyá Àkàrà-ògùn. Àjẹ́ ni Fágúnwà pè é, ọwọ́ ọkọ rẹ̀ ló sì kú sí. Ẹ jẹ́ ká kíyè sí ohun kan níhìn-ín. Bàbá Àkàrà-ògùn náà mọ ewé, ó mọ egbò, ó sì ní oògùn lóríṣiríṣi. Ìmọ̀ tí a kò lè fojú rí gbòǹgbò rẹ̀ ni àwọn méjèèjì ní. Ṣùgbọ́n bí ó bá wà lọ́wọ́ ọkọ, oògùn ló ń jẹ́. Bí ó bá wà lọ́wọ́ aya, ó di àjẹ́.

Bí a bá wo àwọn ìwé mìíràn, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà ń yí padà díẹ̀díẹ̀. Nínú ìtàn Ṣẹ̀gilọlá tí I. B. Thomas gbé jáde nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó ní 1929 sí 1930, obìnrin ni ó ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìtàn ayé rẹ̀. Síbẹ̀, ọkùnrin ni ohun tó mọ̀ jù lọ, àbámọ̀ ló sì fi parí rẹ̀. Nínú eré Ẹfúnṣetán Aníwúrà (1970) tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, a rí obìnrin tó lówó tó sì lágbára. Ìkà rẹ̀ ni eré náà gbé síwájú wa. Làákàyè tó fi kó ọrọ̀ náà jọ kò fi bẹ́ẹ̀ hàn sí wa. Nígbà tí Ó Le Kú dé ní 1974, àyípadà ńlá dé pẹ̀lú rẹ̀, nítorí ayé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn ni ó gbé kalẹ̀. A mọ Àṣàkẹ́, a mọ Lọlá, a mọ Ṣadé. A mọ ẹwà wọn, aṣọ wọn, ẹ̀rín wọn àti owú wọn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó gbé ìtàn náà ró ni ẹni tí Àjàní yóò fẹ́. Ìtàn ìfẹ́ ni Ìṣọ̀lá fẹ́ kọ, ó sì kọ ọ́ dé ojú àmì. A kò gbọdọ̀ bu àgbàdo kí a máa wá iṣu nínú rẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé lẹ́yìn ọdún mẹ́rìndínlógójì tí ìwé Fágúnwà ti jáde, obìnrin ti dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé gíga nínú ìtàn àròsọ wa, a kò sì tíì rí i kí ó jókòó ti ìbéèrè kan títí tí yóò fi rí ìdáhùn rẹ̀.

Adaora: Onímọ̀ Tí Ọkọ Rẹ̀ Pè Ní Àjẹ́

Nnedi Okorafor, ẹni tí a bí sí Amẹ́ríkà tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìgbò, tẹ ìwé Lagoon jáde ní 2014. Èkó ni ibùdó ìtàn náà. Àwọn àjòjì láti ojú ọ̀run já sínú òkun nítòsí Bar Beach. Ènìyàn mẹ́ta ni omi kọ́kọ́ gbé lọ bá wọn: Adaora, onímọ̀ nípa àwọn ẹ̀dá inú òkun, Agu, ọmọ ogun, àti Anthony, olórin ará Ghana. Ẹni tí àwọn àjòjì náà rán wá sórí ilẹ̀ gba àwọ̀ obìnrin. Adaora ló sọ ọ́ ní Ayọ̀délé.

Ibi tó ṣe pàtàkì jù nínú ìwé náà lójú tiwa ni ibi tí Adaora ti mú àlejò náà dé ilé. Ó ní yàrá ìwádìí sínú ilé rẹ̀. Kò pè é ní áńgẹ́lì, kò sì pè é ní èṣù. Ó mú díẹ̀ lára ara rẹ̀, ó fi í sábẹ́ awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, ó sì rí i pé kò ní sẹ́ẹ̀lì bí ti ẹ̀dá alààyè. Bí ọta irin wẹ́wẹ́ ló rí. Níbi tí ẹlòmíràn yóò ti sá tàbí kí ó kúnlẹ̀, Adaora wò ó fínnífínní.

Ní ìdàkejì rẹ̀ ni Chris, ọkọ rẹ̀, wà. Òun gbà pé àjẹ́ inú omi ni ìyàwó òun, olùṣọ́ àgùntàn tí ó ń tẹ̀ lé sì ń kín in lẹ́yìn. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Òwe yìí dùn létí, ṣùgbọ́n bí a bá yẹ̀ ẹ́ wò, irú ìrònú tí sáyẹ́ǹsì wá láti bá wí gan-an ni. Pé ohun kan ṣẹlẹ̀ tẹ̀ lé òmíràn kò fi hàn pé ti ìṣáájú ló fa ti ìkẹyìn. Chris ń fi òwe yìí gbé ayé. Adaora ń béèrè pé: ta ló rí i? Báwo ni a ṣe mọ̀?

Ibi tí a ti ní àríyànjiyàn pẹ̀lú òǹkọ̀wé náà nìyí. Bí ìtàn ti ń lọ, a wá mọ̀ pé Adaora ní agbára àràmàǹdà kan tó so ó mọ́ omi láti ìgbà tí a ti bí i. Lọ́nà kan, Chris ò purọ́. Àwọn kan lè sọ pé òǹkọ̀wé náà ń gba orúkọ àjẹ́ padà lọ́wọ́ àwọn tó fi ń bú obìnrin ni, kí ó lè di ohun ìyìn. A gbà pé èyí ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ó ná Adaora ní nǹkan. Awò rẹ̀ kò tún fi bẹ́ẹ̀ wúlò mọ́ nígbà tí agbára rẹ̀ bá jáde. Fún ọmọ tó ń kọ́ bí a ti ń fi sùúrù wádìí nǹkan, ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín ẹni tó mọ nǹkan nítorí pé ó wá a àti ẹni tó mọ̀ ọ́n nítorí pé a bí i mọ́ ọn.

Gifty: Ẹni Tó Ń Sunkún Tó Sì Ń Ríran

Yaa Gyasi, ọmọ Ghana tí wọ́n tọ́ dàgbà ní ìpínlẹ̀ Alabama, tẹ Transcendent Kingdom jáde ní 2020. Olú ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀, Gifty, ń kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ọpọlọ ní Yunifásítì Stanford. Nana, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, farapa níbi tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀; oògùn ìrora tí wọ́n fún un di bárakú, ó sì kú sí i. Ìyá wọn wó lulẹ̀ nínú ìbànújẹ́, orí ibùsùn ló kù tí ó ń gbé.

Eku ni Gifty ń lò fún ìwádìí rẹ̀. Eku náà a máa tẹ ọ̀pá kan kí ohun mímu aládùn lè jáde. Nígbà tó bá yá, iná a máa gbé e lẹ́sẹ̀ nígbà mìíràn tó bá tẹ ọ̀pá náà. Àwọn eku kan a ṣíwọ́. Àwọn mìíràn kò ní í ṣíwọ́ láéláé. Kí ló fà á? Ìbéèrè nípa eku ni, ìbéèrè nípa Nana sì ni. Gyasi kò sọ èyí fún wa lẹ́ẹ̀kan kí ó sì kọjá lọ. Ó ń mú wa padà sídìí eku wọ̀nyí léraléra, títí tí iṣẹ́ náà fi di egungun ẹ̀yìn ìtàn. Bí ẹnikẹ́ni bá yọ sáyẹ́ǹsì kúrò nínú ìwé yìí, kò ní í ku ìwé kankan.

Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Gifty ni òwe yìí bá mu jù lọ. Ohun mìíràn tó tún yẹ fún ìyìn ni bí òǹkọ̀wé ti mú ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Inú ìjọ ni Gifty dàgbà sí, ó sì ti kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi ìgbàgbọ́ ìyá rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ìlú bí Ìkàrẹ́, níbi tí Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ti ń jókòó sórí àga kan náà nínú kíláàsì, irú ìwà pẹ̀lẹ́ yìí wúlò fún olùkọ́ ju ẹ̀gàn tí Lagoon dà lé olùṣọ́ àgùntàn rẹ̀ lórí lọ.

Àléébù kan wà. Gifty dá wà jù, ilẹ̀ òkèèrè ló sì ti ń ṣe gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ Ọ̀kà tó bá ka ìwé yìí lè rò pé obìnrin tó bá fẹ́ mọ nǹkan gbọ́dọ̀ fi ilé, ọ̀rẹ́ àti èdè rẹ̀ sílẹ̀. Adaora ní tirẹ̀ wà nílé, ṣùgbọ́n a kò rí iṣẹ́ rẹ̀ tó. A rí iṣẹ́ Gifty dáadáa, ṣùgbọ́n kò sí nílé.

Ṣé Yorùbá Kò Lè Gbà Á Ni?

Àwọn kan yóò ní èdè Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ tó fún irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá àríyànjiyàn. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti ń fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà, àwọn ọmọ náà kò sì rẹ̀yìn sí àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Ìlànà ìjọba lè máa yí padà. Ní 2022 ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí fífi èdè abínibí kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 2025 wọ́n fagi lé e. Ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ kò nílò ìwé àṣẹ ìjọba kí ó tó kọ̀wé.

Bẹ́ẹ̀ ni a kò lè sọ pé kò sí ohun tí a lè kọ nípa rẹ̀. Ẹ wo aláró. Ó mọ irú igi tí eérú rẹ̀ dára. Ó ń sẹ́ omi eérú láti inú ìkòkò onihò, ó ń po èlú mọ́ ọn, ó ń ka ọjọ́, ó ń gbóòórùn rẹ̀, bí kò bá sì mú, ó ń bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ìdánwò àti àyẹ̀wò ni èyí. Àwọn baba wa mọ̀ pé ìmọ̀ tó jinlẹ̀ ni, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn obìnrin fi ní òrìṣà tirẹ̀, Ìyá Mápó. Ó ti ní òrìṣà. Akọni inú ìwé ni kò tíì ní.

Bí ó bá sì jẹ́ ti òde òní, Elizabeth Abímbọ́lá Awólíyì ti di dókítà láti 1938, obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣe iṣẹ́ náà ní Nàìjíríà. Ní oṣù keje 2014, Dókítà Ameyo Stella Adadevoh kọ̀ jálẹ̀ ní Èkó pé aláìsàn tí òun fura pé ó ní Ẹ̀bólà kò ní í jáde ní ilé ìwòsàn, bó ti wù kí wọ́n fúngun mọ́ ọn tó. Òun pàápàá kó àrùn náà, ó sì kú ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá ọdún kan náà ni a kéde pé Nàìjíríà bọ́ lọ́wọ́ Ẹ̀bólà. Àwọn onífíìmù ti sọ ìtàn náà nínú 93 Days (2016). Ìwé ìtàn àròsọ Yorùbá tí yóò bá a dọ́gba ni à ń retí.

Iṣẹ́ Tó Kù Fún Wa

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, mẹ́ta ni àbá wa. Èkíní, nígbà tí a bá ń kọ́ ìfìwàwẹ̀dá, ẹ jẹ́ kí a fi ìbéèrè kan kún ti àtẹ̀yìnwá: kí ni obìnrin yìí mọ̀, báwo ló sì ṣe mọ̀ ọ́n? Bí a bá bi ìbéèrè yìí nípa ìyá Àkàrà-ògùn, ìjíròrò yóò dìde tí kò ní í tán bọ̀rọ̀.

Èkejì, a lè máa fi Yorùbá sọ ìtàn Adaora àti ti Gifty fún àwọn ọmọ nínú ẹgbẹ́ òǹkàwé. Ní Àkókó tiwa, níbi tí ọmọ Arigidi tàbí Èrúṣú ti ń sọ èdè mìíràn nílé, Yorùbá àjùmọ̀lò jẹ́ èdè tí ọ̀pọ̀ ọmọ kọ́ láti inú ìwé. Wọ́n ti mọ bí a ti ń rìn láti èdè kan bọ́ sí òmíràn. Irú wọn ló yẹ kí ó di atúmọ̀.

Ẹ̀kẹta, kí a rọ àwọn tó lè kọ̀wé nínú wa pé kí wọ́n kọ ọ́. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má kọ ìwé ìwàásù. Ọmọbìnrin tó bá gba ipò kìíní láti ojú ìwé àkọ́kọ́ títí dé òpin, tí ohunkóhun kò wọ́ ọ lójú, kò ní í dá òǹkàwé dúró. Kí ìkòkò aró rẹ̀ bàjẹ́ nígbà mìíràn. Kí ó ṣàṣìrò, kí ó bínú, kí ó dúró, kí ó tún un ṣe.

Ìkádìí

A ti rí i pé nínú àwọn ìwé tí a yẹ̀ wò, ìmọ̀ obìnrin bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àjẹ́, ó di ọ̀rọ̀ owó àti agbára, ó sì dé yunifásítì láìtíì dé ìdí iṣẹ́. Okorafor gbé e dé ìdí awò ní Èkó. Gyasi jẹ́ kí ó pẹ́ níbẹ̀. Kò sí èyí tí Yorùbá kò lè ṣe nínú méjèèjì. Ọmọ tó fẹ́ràn ìwé kò ní í dúró dè wá títí. Bí kò bá rí ara rẹ̀ nínú ìwé wa, yóò wá ara rẹ̀ lọ sínú ìwé èdè mìíràn, ibẹ̀ ni yóò sì jókòó sí.