Àwùjọ Kì í Ṣe Iye Ojú Tó Wò Ó



Ọ̀kan nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ ló rán ọmọ rẹ̀ sí mi. Ọmọbìnrin náà ti wà ní ọdún tó kẹ́yìn ní yunifásítì, ẹ̀kọ́ ìròyìn àti fíìmù ló ń kọ́. Nǹkan méjì ló gbé wá: fíìmù oníṣẹ́jú 11 tó fi fóònù yà ní Ìyànà Ìbà, àti ìwé ojú ewé 20 tó fi ṣàlàyé bó ṣe yà á, àti bó ṣe fi Instagram àti TikTok kó èèyàn jọ yí iṣẹ́ náà ká. Ó ní, "Prof, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi kà á, ẹ má sì gbè mí o." Mo kà á. N kò gbè é. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí níbẹ̀ ju iṣẹ́ ọmọ kan lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí n kọ nípa rẹ̀ láì dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí fíìmù náà, torí pé ó dára.

Ẹni tó bá mọ Ìyànà Ìbà mọ̀ pé etí ló kọ́kọ́ ń débẹ̀ kí ojú tó dé. Kọ̀ńdọ́ ń pe Mile 2, òmíràn ń pe Òkókómáíkò, ẹnì kan ń pe Bàdágírì, ọlọ́kadà ń fọn fèrè, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LASU ń sáré torí wọ́n ti pẹ́. Ọmọ yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù rẹ̀, òkùnkùn biribiri la rí, ohùn nìkan ló ń dún. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ dé, kì í ṣe títì la rí. Ọwọ́ ìyá alákàrà kan ni. Ó ń po ẹ̀wà lílọ̀, ó ń bù ú sínú epo gbígbóná, kámẹ́rà ò sì kánjú kúrò lára ọwọ́ yẹn. A rí owó náírà tí epo ti rin gbingbin. A rí ìwé kékeré kan tí màmá náà ń kọ gbèsè sí: kò kọ orúkọ, àmì ló ń kọ. "Kọ̀ńdọ́ onífìlà pupa, 400. Ọmọ oníbárà, 250." Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń lọ.

Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú kẹfà, onífìlà pupa fò bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu dánfó, ó tún mú àkàrà, ó ní, "Ìyá, màá san lálẹ́." Ibẹ̀ ni màmá náà ti bú gbàù. Ó ṣépè, ó fò sókè, ó fi ṣíbí àkàrà na afẹ́fẹ́. Ẹ̀rín pa mí. Ṣùgbọ́n mo ti rí ìwé gbèsè yẹn, mo sì ti rí ọwọ́ yẹn láti ìdájí, torí náà ẹ̀rín náà há mi lọ́nà ọ̀fun. Oníṣẹ́ tó bá lè mú ká rẹ́rìn-ín kó tún dùn wá lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má fojú kéré rẹ̀.

Ó yá, ẹ wá gbọ́ èyí tó kù.

Ọmọ yìí gé ìṣẹ́jú àáyá 27 nínú ìbínú yẹn, ó gbé e sórí TikTok. Ìwé gbèsè kò sí níbẹ̀. "Màá san lálẹ́" kò sí níbẹ̀. Obìnrin kan tó ń pariwo lẹ́bàá ọ̀nà nìkan ló kù. Ni fídíò bá ràn bí iná ọyẹ́. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, àwọn mìíràn gba ohùn màmá náà, wọ́n fi ṣe skit tiwọn. Nínú ìwé rẹ̀, ọmọ náà ka gbogbo àwọn tó tipa bẹ́ẹ̀ wá bá a, wọ́n lé ní 38,000, ó sì pè wọ́n ní "àwùjọ mi". Ojú ewé mẹ́ta ló fi ṣàlàyé bí èèyàn ṣe ń kọ́ irú àwùjọ bẹ́ẹ̀: aago tó yẹ kéèyàn gbé fídíò jáde, bó ṣe yẹ kó dáhùn ọ̀rọ̀ àwọn tó bá sọ̀rọ̀ sábẹ́ rẹ̀, bó ṣe yẹ kí nǹkan kan ṣẹlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta àkọ́kọ́. Ó yé e dáadáa, kò sírọ́ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní ìsàlẹ̀ ojú ewé 17, gbólóhùn kan péré wà níbẹ̀ pé màmá náà kò wá tajà fún ọjọ́ mẹ́ta "nítorí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀". Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn yẹn. Mo bi í pé ọ̀rọ̀ wo. Ó wolẹ̀. Ó ní àwọn ọmọkùnrin ìdíkọ̀ ló ń fi ohùn màmá náà ṣépè fún màmá náà fúnra rẹ̀ bó bá ti ń kọjá, àti pé wọ́n ti pè é sí ìpàdé ní ìjọ rẹ̀ pé kí ló ń ṣe lórí fóònù.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ta wá ni àwùjọ fíìmù yìí?

Ọ̀rọ̀ yìí kò bẹ̀rẹ̀ lórí fóònù. Nígbà tí Hubert Ògúndé bẹ̀rẹ̀ eré ṣíṣe ní 1944, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ tó tẹ̀lé e wá ń rin ìrìn àjò láti ìlú dé ìlú, bí wọ́n bá ṣeré lálẹ́ tán, inú ìlú yẹn náà ni wọ́n ń jí sí. Ọwọ́ ìyá tó wòran lálẹ́ àná ni wọ́n ti ń ra ẹ̀kọ láàárọ̀. Àwọn òǹwòran wa kì í sì í dákẹ́. Wọ́n á dá òṣèré lóhùn, wọ́n á kìlọ̀ fún un pé ọ̀tá wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á pariwo "irọ́ ni!" Òṣèré tó bá ṣe àṣejù, kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti gbọ́ ọ. Àwọn aláṣẹ náà ń dá wọn lóhùn, nígbà mìíràn lọ́nà tó burú: ní 1964, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ Ògúndé nítorí eré Yorùbá Ronú. Mi ò sọ pé ìyẹn dára o. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tó ń ṣeré àti ẹni tó ń wò ó mọ ojú ara wọn, wọ́n sì lè mú ara wọn.

Nígbà tí sinimá dé, tí Ògúndé gbé Aiyé jáde ní 1979, àwòrán ara ògiri kò lè gbọ́ ariwo òǹwòran mọ́. Síbẹ̀, àwọn tó ni fíìmù náà, Ògúndé, Adé Love àti ẹgbẹ́ wọn, ló ń gbé e láti gbọ̀ngàn dé gbọ̀ngàn. Wọ́n wà níbẹ̀. Wọ́n ń rí ibi tí àwọn èèyàn ti rẹ́rìn-ín àti ibi tí wọ́n ti pòṣé.

Ìgbà tí kásẹ́ẹ̀tì fídíò gbòde, ní ìparí àwọn ọdún 1980, nígbà àwọn bíi Muyideen Aromire, ni nǹkan yí padà pátápátá. Fíìmù bẹ̀rẹ̀ sí í gba Ìdúmọ̀tà lọ, ó ń gba Alábà lọ. Alábà yìí kò sì jìnnà sí Ìyànà Ìbà rárá, Ọ̀jọ́ kan náà ni wọ́n jọ wà. Láti ìgbà yẹn, ẹni tó ṣe fíìmù kò rí ojú òǹwòran mọ́. Iye kásẹ́ẹ̀tì tó tà ló ń gbọ́ lẹ́nu máàkẹ́tà. Òǹkà ti gba ipò ojú kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ Instagram.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé íntánẹ́ẹ̀tì ló ba ohun gbogbo jẹ́, ẹ rọra. Lójú tèmi, àwọn ìkànnì yìí dá nǹkan kan padà fún wa, ìyẹn ohùn. Òǹwòran tún ti lè pariwo "irọ́ ni!", kí ẹni tó ṣe fíìmù sì gbọ́ ọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ojú ni wọn ò dá padà. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín ní Ìbàdàn tàbí ní Lọ́ńdọ́nù kò níí ra àkàrà lọ́wọ́ màmá yìí lọ́la.

Ọmọ náà fi Ikorodu Bois gbe ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ó ní àwọn ọmọ wọ̀nyẹn fi fóònù àti Instagram dé ọ̀dọ̀ Netflix. Òótọ́ ni. Ní 2020, wọ́n fi àwọn nǹkan inú ilé ṣe àfarawé ìpolówó fíìmù Extraction, àwọn tó ṣe fíìmù náà gan-an rí i, wọ́n yìn wọ́n, Netflix sì fi ohun èlò ránṣẹ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n ó ka ìtàn yẹn sódì. Kì í ṣe iye tó tẹ̀lé wọn ló mú iṣẹ́ wọn dára. Ohun tó mú un dára ni pé ẹ̀ẹ̀mejì lo máa rí nǹkan kan náà: o rí bárò, o tún rí mọ́tò tí bárò náà dúró fún. Ta sì ni wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́? Ara wọn ni. Ojú tiwọn ló wà níbẹ̀, ilé tiwọn, ìkòkò tiwọn. Kò sí ìyá onìyá kankan tó jí láàárọ̀ tó bá ara rẹ̀ nínú skit.

Bákan náà ni Tangerine tí Sean Baker fi iPhone yà, tó jáde ní 2015. Gbogbo èèyàn ló ń rántí fóònù náà. Ohun tí wọn kì í rántí ni pé òun àti ẹni tó bá a kọ eré náà ti kọ́kọ́ lọ jókòó ti àwọn èèyàn àdúgbò kan ní Los Angeles, wọ́n gbọ́ ìtàn lẹ́nu wọn, méjì nínú àwọn tí wọ́n bá pàdé lọ́nà bẹ́ẹ̀ ló sì di olú òṣèré. Àwọn tó ni ìtàn wà níbẹ̀ kí kámẹ́rà tó tàn.

Ọmọ náà kò gbà fún mi kíákíá, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ fún ìyẹn. Ó ní, "Prof, tí mi ò bá gé e, ta ló máa fi dátà rẹ̀ wo fíìmù oníṣẹ́jú 11? Àti pé títì ìjọba ni, gbogbo ayé ló ń rí màmá yẹn lójoojúmọ́." Ìbéèrè gidi ni. Mo ní kò sẹ́ni tó ní kó má gé e. Ṣùgbọ́n gígé náà ìdájọ́ ni. Ohun tó yọ kúrò ni ìdí ọ̀rọ̀, ohun tó fi sílẹ̀ ni ariwo. Obìnrin tí wọ́n jẹ ní gbèsè wọlé, wèrè ló jáde. Ẹni tó ń kọjá ní títì sì lè yí ojú padà bó bá wù ú, bẹ́ẹ̀ ló máa gbàgbé. Fídíò kì í gbàgbé.

Mo ní, "Ṣé màmá yẹn ti wo fíìmù yìí?" Ó ní rárá. Mo ní ká lọ.

Ọ̀sán la débẹ̀, nígbà tí iná ti kú lábẹ́ agbada. A kí i, ọmọ náà kúnlẹ̀, ó tọrọ àforíjì, lẹ́yìn náà ó gbé fóònù sí i lọ́wọ́. Màmá wo gbogbo ìṣẹ́jú 11 náà láì sọ̀rọ̀. Nígbà tó rí ìwé gbèsè rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Nígbà tó dé ibi èpè, ó fọwọ́ bo ẹnu. Ó wá ní, "Bàbá, èyí dáa. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń rán kiri nìyí." Ó yíjú sí ọmọ náà. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o rí ìwé yẹn? Òun ni kí o fi ṣíwájú. Kí wọ́n mọ ohun tó bí mi nínú ná, kí wọ́n tó fi mí rẹ́rìn-ín."

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń to àwòrán fíìmù. Mi ò tíì sọ ọ́ tó báyẹn rí.

Ọmọ náà lọ tún un gé. Ó di ìṣẹ́jú àáyá 44, orí ìwé gbèsè ló ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó wò ó kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá àwọn tó wo ti àkọ́kọ́. Ti àkọ́kọ́, ó ti pa á rẹ́ lójú ewé tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì ń rìn lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ìyẹn náà gbọ́dọ̀ wọ inú ìwé rẹ̀, mo sì ti sọ fún un pé kó sọ gbólóhùn ojú ewé 17 di orí kan gbáko. Òun ni ẹ̀kọ́ tó wà nínú gbogbo iṣẹ́ náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ yìí báyìí, mo bẹ̀ yín, nígbà tí wọ́n bá sọ fún yín pé àwọn ní àwùjọ, ẹ bi wọ́n léèrè ta ló lè bá wọn wí níbẹ̀. Ẹgbẹ̀rún èèyàn lè wo iṣẹ́ rẹ kó má sí ẹnì kan tó lè mú ọ. Òǹwòran ni wọ́n, owó wọn sì wúlò. Àwùjọ rẹ ni àwọn tó o máa bá pàdé lọ́la lẹ́yìn tó o bá ti fi wọ́n hàn lónìí.

Mo ti fẹ̀yìn tì, mi ò fún ẹnikẹ́ni ní máàkì mọ́. Lóṣù tó ń bọ̀ ni ọmọ náà máa fi fíìmù rẹ̀ han àwọn olùkọ́ rẹ̀. Màmá ti ní òun ń bọ̀. Ó ní kí wọ́n bá òun fi àga sí iwájú.