Ẹ̀yìn Èèkù

Bí wọ́n bá to ìbọn ìléwọ́ Walther mẹ́ta sórí tábìlì fún yín, PP, PPK àti PPK/S, ẹ má kọ́kọ́ wo ẹnu wọn. Ẹnu ni gbogbo ayé ń wò, nítorí ibẹ̀ ni ikú ti ń jáde. Ẹ yí wọn padà, kí ẹ wo ẹ̀yìn èèkù, níbi tí àtẹ́lẹwọ́ ń fara tì. Lára PP, irin ni ẹ óò bá níbẹ̀: irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó sọ̀ kalẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ike wà lọ́tùn-ún rẹ̀, ike wà lósì. Lára PPK, ẹ ò ní rí irin yẹn mọ́. Ike kan ṣoṣo ló yí èèkù po, ó gba ẹ̀yìn kọjá láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì bí ọ̀já tí ìyá fi gba ọmọ mọ́ra. Tí ẹ bá wá dé orí PPK/S, irin náà tún ti padà wá.

Ẹni tó bá mọ ìdí tí irin yẹn fi wà, tó fi kúrò, tó tún fi padà, ti mọ ìyàtọ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo mọ̀ pé ohun èlò ikú ni mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, n kò sì fẹ́ fi ọ̀rọ̀ dídùn bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ ni pẹ̀lú, àwọn tó ṣe é sì mọṣẹ́ débi pé ó yẹ kí ojú ènìyàn dúró lára rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Carl Walther ṣí ìsọ̀ rẹ̀ ní 1886 ní Zella St. Blasii, ìlú kékeré kan ní Thuringia, lórílẹ̀-èdè Jámánì, níbi tí bàbá ti ń fi iṣẹ́ ìbọn lé ọmọ lọ́wọ́. Ìbọn ọdẹ àti ìbọn ìdíje ló ń rọ. Ní 1908 ni ìbọn ìléwọ́ wọn àkọ́kọ́ jáde. Carl kú ní 1915, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń bá iṣẹ́ lọ, Fritz ló ṣáájú wọn. Ní 1929 ni wọ́n gbé PP jáde. Polizeipistole ni wọ́n gé kúrú bẹ́ẹ̀, ìyẹn ìbọn ìléwọ́ ọlọ́pàá.

Kí PP tó dé, wàhálà kan ń bá ẹni tó bá gbé ìbọn tó ń tún ara rẹ̀ kì kiri. Tí ọta bá ti wà nínú ihò, tí òòlù kékeré ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti nà sílẹ̀, ìfọwọ́kàn díẹ̀ lè mú un yìn. Tí ó bá sì pa òòlù dé, àfi kó tún fi ọwọ́ nà án nígbà tí ewu bá dé, bẹ́ẹ̀ ewu kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ohun tí PP ṣe ni pé irin ìfà kan náà ló ń gbé òòlù sókè tó sì ń jù ú sílẹ̀. Fífà àkọ́kọ́ le, ó gùn, ó ń fún ènìyàn láyè láti ronú. Lẹ́yìn èyí, ìborí irin tó ń sún sẹ́yìn ní gbogbo ìgbà tí ìbọn bá yìn ni yóò máa na òòlù náà, fífà kejì àti ìkẹta á sì fúyẹ́. PP kọ́ ni ìbọn àkọ́kọ́ tí wọ́n dán irú èyí wò lára rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni àkọ́kọ́ tí ọjà gbà tọwọ́tẹsẹ̀ láàárín àwọn ìbọn tó ń tún ara wọn kì.

Ọwọ́ kékeré kan wà lápá òsì ìborí náà. Tí atanpàkò bá tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀, òòlù yóò jábọ́, ṣùgbọ́n kò ní kan abẹ́rẹ́ tí ń gún ìdí ọta, nítorí ìdènà ti bọ́ sáàárín wọn. Gbogbo iṣẹ́ yìí, òòlù tó ń já, abẹ́rẹ́ tó fara pamọ́, irin tó bọ́ sáàárín, nínú àyè tí kò ju àlàfo orí ìka méjì lọ ló ti ń ṣẹlẹ̀.

Èyí tó wú mi lórí jù ni ohun kan tó kéré débi pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rí i. Lókè òòlù, irin bí orí abẹ́rẹ́ kan wà. Tí ihò bá ṣófo, ó wọlé. Tí ọta bá wà níbẹ̀, ó yọrí síta díẹ̀. Ọlọ́pàá tó wà nínú òkùnkùn, tí kò lè tan iná, tí kò sì gbọ́dọ̀ fa ìborí sẹ́yìn kó má baà pariwo, á kàn fi atanpàkò pa á. Ẹni tó ronú kan ìyẹn ti gbé ara rẹ̀ sínú òkùnkùn náà kó tó mú ayùn irin lọ́wọ́. Bákan náà ni òrùka irin tó yí irin ìfà ká: òun fúnra rẹ̀ ló ń dá ìborí dúró kó má bọ́, òun náà sì ni wọ́n ń fà sísàlẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ tú ìbọn náà láti nù ún. Irin kan, iṣẹ́ mẹ́ta. Wọ́n tún fín ìlà bí ìgbì omi sí òkè ìborí, kí ìmọ́lẹ̀ má baà tàn padà sójú ẹni tó ń wò ó.

Ní 1931 ni PPK tẹ̀ lé e. Ẹ jẹ́ kí n sọ iye rẹ̀, nítorí iye náà lẹ́wà. Ọ̀pá PP gùn tó 98 mìlímítà, ti PPK jẹ́ 83. Gbogbo gígùn PP jẹ́ 170, ti PPK jẹ́ 155. Mìlímítà 15 ni wọ́n yọ lára ọ̀pá, mìlímítà 15 náà sì ni gbogbo ara fi kúrú; kò sí ibòmíràn tí wọ́n ti jí àyè ní gígùn rẹ̀. Èèkù náà tún kúrú, nítorí náà àká ọta inú rẹ̀, èyí tí àwọn ọlọ́pàá ń pè ní màgásíìnì, gba ọta 7.65 mìlímítà méje níbi tí ti PP ti ń gba mẹ́jọ.

Tí télọ̀ tí kò mọṣẹ́ bá gé agbádá àgbà kúrú fún ọmọdé, àpò á bọ́ sí orúnkún, iṣẹ́ ọrùn á sì gbòòrò dé èjìká. Ẹ ó mọ̀ pé aṣọ ẹlòmíràn ni. Ẹ wo PPK dáadáa, kò sí irú rẹ̀ níbẹ̀. Wọn kò kàn gé èèkù PP kí wọ́n sì dúró. Wọ́n mọ̀ pé tí èèkù bá kúrú tó sì nípọn bíi ti tẹ́lẹ̀, á dà bí èkúté tí kò nírù. Ìdí nìyí tí wọ́n fi yọ irin ẹ̀yìn, tí wọ́n jẹ́ kí ike nìkan ṣe ẹ̀yìn náà, tí wọ́n sì fi ike yẹn ya ìlà tó rọ̀ díẹ̀ láti abẹ́ òòlù lọ sí ìsàlẹ̀. Ìlà náà kò dúró gbọnrangandan, kò sì tẹ̀ jù. Fún mi, ibẹ̀ ni PPK ti lẹ́wà ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé PP ló rọrùn láti yìn.

Lẹ́tà K yẹn ṣì ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Àwọn kan ní Kriminal ni, ìyẹn àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Àwọn mìíràn ní Kurz ni, ìyẹn kúkúrú. Ti ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni mo fara mọ́, nítorí ẹni tó wọ kóòtù lásán lọ sójú iṣẹ́ kò ní fẹ́ kí nǹkan yọ gaga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí òun.

PPK ní àbùkù tirẹ̀. Ọ̀pá ìbọn yìí dúró gbọin sára rẹ̀, kì í mì, èyí ló jẹ́ kó máa bá ohun tí wọ́n bá fojú sùn. Ṣùgbọ́n ìwúwo ìborí àti agbára súpíríǹgì nìkan ló ń dá ipá ọta dúró. Súpíríǹgì náà le láti fà, ìbọn sì ń gbọ̀n sí àtẹ́lẹwọ́ ju bí ènìyàn ṣe lérò lọ, pàápàá èyí tó ń yin ọta 9 mìlímítà kúkúrú tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní .380. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá tóbi, ìborí lè gé e láàárín atanpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá nígbà tó bá ń padà sẹ́yìn. Ìka ọmọńdinrín pẹ̀lú kì í rí ibi dúró sí.

Ogun parí, Thuringia bọ́ sábẹ́ àwọn ará Soviet, Fritz Walther sì sá lọ sí ìwọ̀-oòrùn, ó tún ilé iṣẹ́ náà dá sílẹ̀ ní Ulm. Ní 1952, ilé iṣẹ́ Manurhin ní Mulhouse, ní ilẹ̀ Faransé, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe PP àti PPK pẹ̀lú àṣẹ rẹ̀.

Àárín àkókò yìí ni sinimá sọ PPK di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Geoffrey Boothroyd, ará Glasgow kan tó mọ̀ nípa ìbọn, kọ̀wé sí Ian Fleming, òǹkọ̀wé ìtàn amí James Bond, pé ìbọn Beretta tí ó gbé lé Bond lọ́wọ́ kò yẹ ọkùnrin bẹ́ẹ̀. Fleming gbà. Nínú ìwé Dr. No tó jáde ní 1958, wọ́n gba Beretta lọ́wọ́ Bond, wọ́n fún un ní PPK, orúkọ Boothroyd sì ni Fleming fún ọ̀gá tó mójú tó ìbọn. Nígbà tí wọ́n ṣe sinimá rẹ̀ ní 1962, PPK ni wọ́n pè lẹ́nu, ṣùgbọ́n PP ni Sean Connery ń gbé kiri. Ayé wò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, wọ́n ta ìbọn náà ní gbàǹjo ní Amẹ́ríkà ní 256,000 dọ́là, orúkọ tí wọ́n sì kọ sí i lára ìwé títà ni PP. Mìlímítà 15 péré, àti irin tẹ́ẹ́rẹ́ ẹ̀yìn èèkù: ohun tó fara sin fún ojú ẹgbẹẹgbẹ̀rún nìyẹn.

Nígbà tó di 1968 ní Amẹ́ríkà, wọ́n yìnbọn pa Martin Luther King ní oṣù Kẹrin, wọ́n sì yìnbọn pa Robert Kennedy ní oṣù Kẹfà. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹwàá, Ààrẹ Lyndon Johnson fọwọ́ sí òfin ìbọn tuntun. Wọn kò fẹ́ kí ìbọn kékeré tí ènìyàn lè tètè fi pamọ́ máa wọ Amẹ́ríkà láti òkè òkun mọ́. Ìbọn ìléwọ́ tó bá máa wọlé gbọ́dọ̀ gùn tó ínṣì mẹ́fà, kó ga tó ínṣì mẹ́rin, wọ́n á sì tún fún un ní máàkì bí ọmọ ilé ìwé: 75 ni ó gbọ́dọ̀ gbà. Gígùn PPK tó. Gíga rẹ̀ ni kò tó, bẹ́ẹ̀ ohun tó kù kò ju bí èékánná ṣe nípọn lọ.

Ìdáhùn àwọn Walther sí òfin yẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìtàn yìí. Wọn kò ya ìbọn tuntun. Wọ́n mú ara àti èèkù PP, wọ́n gbé ìborí àti ọ̀pá PPK lé e. Bí ọmọ ìyá méjì ṣe ń wọ ẹ̀wù ara wọn nìyẹn. Ìbọn tó jáde ni PPK/S: kò gùn ju PPK lọ, ṣùgbọ́n ó ga jù ú lọ díẹ̀, ó fi bí 50 gíráàmù wúwo jù ú lọ, ó gba ọta kan sí i, irin ẹ̀yìn sì padà sáyè rẹ̀. Òfin tó fẹ́ dí i lọ́nà ló jẹ́ kí ó rí àyè fún ọmọńdinrín. Àwọn àgbà máa ń sọ nípa ọmọdé tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì tẹ èèkù idà. Níhìn-ín, èèkù ló gùn dé ọ̀dọ̀ ọwọ́.

Òfin náà kò de ohun tí wọ́n bá ṣe ní Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀. Ní 1978 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe PPK/S ní Alabama fún ilé iṣẹ́ Interarms, nígbà tó sì di 1986, PPK náà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ Smith & Wesson gba iṣẹ́ náà ní 2002. Àwọn ni wọ́n fa irin tó wà lókè èèkù gùn sẹ́yìn bí ìrù, kí ìborí má baà gé ọwọ́ mọ́. Ó wúlò, n kò lè jiyàn rẹ̀, ṣùgbọ́n ìlà rírọ̀ tí mo ń sọ lẹ́ẹ̀kan ti fọ́ níbẹ̀. Ní 2009 wọ́n pe ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìbọn náà padà, nítorí ó ṣeé ṣe kí ìbọn yìn nígbà tí ènìyàn bá ń fi ọwọ́ kékeré yẹn jẹ́ kí òòlù wálẹ̀. Nínú àlàfo orí ìka méjì náà ni ọ̀ràn ti ṣẹlẹ̀, níbi tí ìdènà ti gbọ́dọ̀ bọ́ sáàárín òòlù àti abẹ́rẹ́ kí òòlù tó já. Nígbà tí ẹ bá gbọ́ ìyẹn, ẹ óò mọ iṣẹ́ tí àwọn ará Zella ṣe ní 1929.

Ní Fort Smith, Arkansas, ni ilé iṣẹ́ Walther ti ń ṣe méjèèjì báyìí. Kò sí òfin kankan tó ń fi dandan mú wọn ṣe PPK/S níbẹ̀, síbẹ̀ àwọn tó ń rà á kò dá a padà sọ́jà. Wọ́n ní ọmọńdinrín àwọn ń rí ibi dúró sí.