Síídì Fẹlá Tó Wà Láàrin Orin Ìyìn Mi

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ọ̀kan nínú yín wá kí mi nílé, ó rí síídì Fẹlá láàrin àwọn orin ìyìn mi. Ó ní, "Pásítọ̀, ẹ̀yin náà ń gbọ́ eléyìí?" Ẹ̀rín ni mo fi dá a lóhùn lọ́jọ́ náà. Èsì mi gan-an rèé.

Shuffering and Shmiling ni orin náà. Ó jáde lẹ́yìn tí àwọn sójà dáná sun ilé Fẹlá ní Èkó ní oṣù kejì ọdún 1977, tí wọ́n sì ju ìyá rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Ó lé ní ogún ìṣẹ́jú. Ìlù, gìtá àti fèrè nìkan ni ẹ ó gbọ́ títí. Ẹni tí kò ní sùúrù á ti pa á. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ bá fi máa dé, etí yín ti ṣí. Ó sọ̀rọ̀ ará ìlú tó há sínú bọ́ọ̀sì, tí kò ní omi, tí kò ní iná, tí àwọn olórí ẹ̀sìn ń sọ fún un pé kó fara da ìyà, pé ọ̀run ni ìgbádùn wà. Fẹlá ń lé, ègbè ń fi "Àmín" gbè é. Àmín yẹn ló dùn mí jù.

Ibi tó ti ṣì í ni pé gbogbo wa ló kó sínú igbá kan. Bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Bàbá bàbá rẹ̀, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, kọ orin ìyìn Yorùbá sínú rẹ́kọ́ọ̀dù ní London ní 1922. Bàbá rẹ̀, Àlùfáà I. O. Ransome-Kuti, ni ààrẹ àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Nàìjíríà. Ṣé irú àwọn yẹn ló ní kí ènìyàn káwọ́ gbera kó máa jìyà? Orin náà kò rántí wọn rárá. Ìgbésí ayé Fẹlá fúnra rẹ̀ ńkọ́? Púpọ̀ nínú rẹ̀ ni n kò lè gbè lẹ́yìn.

Síbẹ̀, ẹ rántí oṣù kẹwàá ọdún 2022, nígbà tí omi bo Ganaja àti Adankolo níbí. Mo lọ sí ibi tí wọ́n kó àwọn tí omi lé nílé sí. Mo wàásù ìlú tí kò sí omijé níbẹ̀. Ìyá kan gbé ọmọ lésẹ̀, ó ń ṣe Àmín ju gbogbo wọn lọ. Ọwọ́ òfo ni mo gbé lọ. Ìyẹ̀fun gààrí kan péré, n kò mú un dání. Lálẹ́ ọjọ́ náà mo fi síídì yìí sí i. Nígbà tó dé ibi Àmín, mo pa á.

Jákọ́bù orí kejì ti bá wa sọ ọ́ kí wọ́n tó bí Fẹlá, ṣùgbọ́n mo ti kà á títí tí kò fi ta mí létí mọ́. Mo ṣì ń wàásù ọ̀run, torí òtítọ́ ni. Àmọ́ n kì í gbé ọwọ́ òfo lọ mọ́.

Síídì náà ṣì wà níbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ ọ, ẹ yà nílé. Ẹ ṣáà jẹ́ kó parí kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́.