Olóòtú Aláìgbowó àti Òfin Ẹ̀rí Nínú Wikipedia Yorùbá

Láti ọdún 2001 tí Jimmy Wales àti Larry Sanger ti dá Wikipedia sílẹ̀ ni ó ti jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ló lè kọ ọ́, ẹnikẹ́ni ló sì lè tún un kọ. Àwọn tí ó ń kọ ẹ̀dà ti Yorùbá kò gba kọ́bọ̀, orúkọ wọn kì í sì í hàn lábẹ́ àkọlé.

Ẹni tí ó bá ṣí i yóò ṣe kàyéfì nípa iye àyọkà tí kò ju gbólóhùn kan lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn dá lórí àwọn plánẹ́tì kékeré tí ó ń yí oòrùn po. Orúkọ àti nọ́ńbà nìkan ni ó yàtọ̀. Agbo ilé tí ó kún fún ìlẹ̀kùn tí kò ní yàrá ni. Olóòtú tí ó ń fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ kiri, tí ó ń ya ọkọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ọkọ́, ṣe ju ẹni tí ó ń ka iye àyọkà lọ.

Ìṣòro tí ó jinlẹ̀ jù wà nínú òfin ẹ̀rí. Ọ̀rọ̀ kò gbọdọ̀ gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ó gbọ́dọ̀ ní orísun tí a ti tẹ̀ jáde. Òǹkọ̀wé kò sì gbọdọ̀ gbé ìwádìí tirẹ̀ tí kò tíì jáde síbẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, ohun tí olóòtú fi etí ara rẹ̀ gbọ́ lẹ́nu arókin kì í ṣe ẹ̀rí. Oríkì tilẹ̀ rú òfin méjì lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí gbígbè sẹ́yìn ẹni tí à ń kì ni ìwà rẹ̀.

Àwọn kan rí èyí gẹ́gẹ́ bí ìyà tí ìwé fi ń jẹ ohùn ẹnu. Òótọ́ wà nínú ẹ̀sùn náà, ṣùgbọ́n kò pé. Ní ìlú tí ìdílé méjì ti ń du oyè, ìdílé kọ̀ọ̀kan ló ní ìtàn tirẹ̀. Òǹkàwé tí ó wà ní Kétu kò ní ọ̀nà láti mọ èwo ni olóòtú gbọ́. Ẹni tí ó bá yọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kúrò kò ṣe àìdára sí àṣà.

Ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ ni ẹ̀bi pọ̀ sí. Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde ní 1984, ó sì ṣeé tọ́ka sí. Ṣùgbọ́n ìjálá àti ẹkún ìyàwó tí akẹ́kọ̀ọ́ gbà sílẹ̀, tí ó wà nínú bébà àpérò tí a dì pọ̀ sórí pẹpẹ ẹ̀ka-ẹ̀kọ́, olóòtú aláìgbowó kò lè tọ́ka sí i, bí òun gan-an tilẹ̀ ni ó gbà á sílẹ̀.