Pilot, Kọ̀ǹpútà Àtẹ́lẹwọ́, Níwájú Àkọtọ́ Yorùbá

Ní ọdún 1996 ni Jeff Hawkins àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Palm Computing gbé Pilot 1000 àti Pilot 5000 jáde ní Amẹ́ríkà. Ìwọ̀nba iṣẹ́ ni ẹ̀rọ náà dáwọ́ lé: kàlẹ́ńdà, àdírẹ́sì, ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe, àti àkọsílẹ̀ ṣókí. Ó wọ àpò ẹ̀wù, bátìrì kéékèèké méjì sì ń gbé e fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ tí ó ń ti Akọka lọ ṣe ìdánrawò ìkọ́ni ní Bàrígà tàbí Ṣómólú ìbá rí i lò dáadáa. Orúkọ ọmọ kíláàsì, àkókò ẹ̀kọ́ àti máàkì ìdánwò yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀ láìdúró de iná mànàmáná. Ṣùgbọ́n bátìrì yẹn kan náà ni ó ń pa ìrántí ẹ̀rọ mọ́. Bí ó bá kú tí wọn kò tètè pààrọ̀ rẹ̀, máàkì odidi táàmù ti lọ nìyẹn, àfi bí wọ́n bá ti dà á kọ sínú kọ̀ǹpútà ńlá, èyí tí ó nílò iná. Dọ́là 299 tí wọ́n ń ta Pilot 1000 kì í sì í ṣe owó akẹ́kọ̀ọ́.

Ọ̀ràn tí ó tóbi jù ni ti ìkọ̀wé. Newton tí Apple gbé jáde ní 1993 gbìyànjú láti ka ìkọ̀wé oníkálùkù, àṣìkà rẹ̀ sì sọ ọ́ di ẹni yẹ̀yẹ́. Pilot yí i padà: ènìyàn ni yóò kọ́ ìlànà ẹ̀rọ, tí wọ́n pè ní Graffiti. A kò ní ìlà àárín. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ènìyàn yóò fa gègé fún ọ̀pọ̀ jù lọ lẹ́tà. Fún Gẹ̀ẹ́sì, ọgbọ́n gidi ni.

Fún Yorùbá ńkọ́? Nítorí àwọn èdè Yúróòpù, à, é àti ò wà nínú àtẹ lẹ́tà rẹ̀. Ẹ, ọ, ṣ àti ń kò sí níbẹ̀. Nínú Graffiti, bí ènìyàn bá tẹ gègé lẹ́ẹ̀kan bí ẹni sàmì tó-tó, ohun tí ẹ̀rọ gbọ́ ni pé àmì ìdánudúró ń bọ̀. Olùkọ́ tí ó fẹ́ kọ “ọwọ́ ọkọ rẹ̀” yóò rí “owó oko rè” lójú ẹ̀rọ: ìyàwó ilé ti di àgbẹ̀ tí ó ń ka èrè.

Kíkéré ẹ̀rọ kọ́ ni ó fà á. Unicode ti fi àyè sílẹ̀ fún ẹ, ọ àti ṣ láti 1993. Àtẹ Ìwọ̀-Oòrùn Yúróòpù ni àwọn tí ó ṣe Pilot yàn. Ẹnikẹ́ni lè fojú fo àmì nínú àkọsílẹ̀ tí òun nìkan yóò kà. Ìwé ìmúra-ẹ̀kọ́ tí ọmọ yóò dà kọ láti ojú pátákó kò sí lára ìyẹn.